Pátákó Tí Kò Dójú Ti Ẹnikẹ́ni

Ọjọ́ Ajé ni ìkéde náà wọlé sórí kọ̀ǹpútà wa. Àwọn tó ni pátákó iṣẹ́ tí a ti ń lò láti ọdún mẹ́rin ní àwọn ń kógbá wọlé, kí olúkúlùkù wá kó ẹrù rẹ̀ kúrò kí oṣù tó parí. Pátákó yẹn kì í ṣe igi o. Ojú kọ̀ǹpútà ló wà. A máa ń kọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sórí káàdì, a sì máa ń wọ́ káàdì náà láti ìlà kan bọ́ sí òmíràn bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ. Gbogbo ohun tí àwa méje ń ṣe ní ọ́fíìsì wa ní Kotagede nílẹ̀ Jáfà, orí rẹ̀ ló wà.

"Mo sọ ọ́ àbí mi ò sọ ọ́?" Èmi ni mo kọ́kọ́ lanu, kí ẹnikẹ́ni tó rí ẹnu sọ̀rọ̀. "Ẹ kó ẹrù yín sínú yàrá onílé, onílé wá fẹ́ ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ wá ń wojú ara yín."

"Mbak Tiyah, ìgbà wo lẹ sọ ọ́?" Jarot ló dáhùn, àbúrò gbogbo wa, ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà wa. Mbak la fi ń pe obìnrin tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, Mas ni ti ọkùnrin, Bu àti Pak ni ti àgbà. "Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu yín lọ́sẹ̀ tó kọjá ni pé tempe ti tán nínú abọ́."

"Lẹ́yìn ti tempe ni mo sọ ọ́. Ìwọ ni o ti sùn."

Ohun tí mo ti ń pariwo láti ọdún kejì kò le. Àwọn pátákó kan wà tí àwọn tó kọ wọ́n ṣí inú wọn sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Wàá mú un lọ, wàá gbé e sórí kọ̀ǹpútà tìrẹ, wàá tú inú rẹ̀ wò, bí ibì kan kò bá bá ọ lára mu, wàá gé e, wàá tún un rán. Kò sí onílé tó máa kanlẹ̀kùn. A sì ní ibi tí a ó gbé e sí: kọ̀ǹpútà arúgbó kan wà lábẹ́ àtẹ̀gùn wa, tí mo ti tún ṣe títí tí mi ò fi mọye ìgbà mọ́, ó ṣì ń mí.

"Ọ̀rọ̀ Mbak Tiyah dára gan-an," ni Mas Handaru wí. Mas Handaru fi ọdún kan jù mí lọ, ó kàwé jáde ní yunifásítì ńlá ní Bandung, ẹ̀wù rẹ̀ kì í sì í rún, àní bí òjò bá pa á; èmi, sílípáàsì pupa mi kì í bọ́ lẹ́sẹ̀ mi. Tó bá ti yìn ọ́, yáa múra. "Ohun tó kù ni pé kí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ yìí nílé ìwé bá wa yan èyí tó péye."

"Ilé ìwé tèmi náà ní òrùlé, Mas. Ilé kọ̀ǹpútà ní Klaten ni. Mò ń nu àga, mò ń wo ohun tí oníbàárà ń tẹ̀, mo sì ń mú un lọ sílé nínú orí mi. Wọn ò fún mi níwèé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gbé ìwé yín mì, ta lẹ sáré pè?"

Jarot fi fáìlì bojú. Bu Kanthi, ìyá tó máa ń yẹ iṣẹ́ wa wò kó tó kúrò nílé, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í wú ikọ́ tí kò ṣe é.

Gbogbo wa wá yíjú sí Pak Wignyo, olórí wa. Bàbá náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba ní ọ́fíìsì ìlera kó tó dá ilé iṣẹ́ yìí sílẹ̀, kò sì fi ìgbà kan pariwo rí láti ọjọ́ tí mo ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó rọra po tíì rẹ̀. Ó tún un pò.

"Iṣẹ́ Kulon Progo ti wọlé," ló wí. "Ètò orí fóònù fún ibùdó méjìlélógójì tí àwọn ìyá ti ń wọn ọmọ wọn lóṣooṣù. Ó máa nílò ẹni kan tó máa darí rẹ̀. Bóyá… ẹni tó bá lè kó wa jọ síwájú pátákó kan, bóyá onítọ̀hún á lè kó wa jọ dé Kulon Progo náà. Mas Handaru, ẹ gbé pátákó tiyín wá fún ọ̀sẹ̀ kìíní. Nduk, ìwọ mú ìkejì."

Èmi ló ń pè ní Nduk, bí bàbá ṣe ń pe ọmọ rẹ̀ obìnrin. Bóyá méjì ló sọ, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Jáfà tiwa, bóyá méjì lẹ́nu àgbà ti di àṣẹ.

Mo fẹ́ iṣẹ́ yẹn. Mi ò ní fi bò. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń tún ohun tí àwọn ẹlòmíràn bàjẹ́ ṣe. Ohun tí mo bá tún ṣe, wọn á gbé e lọ, orúkọ mi kì í bá a lọ. Mo fẹ́ kí iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ mi, kó sì parí lọ́wọ́ mi, kí ìyá kan ní abúlé gbé ọmọ rẹ̀ lé òṣùwọ̀n kó sì rí i pé ó ṣiṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, mo sì fẹ́ ẹ débi pé mi ò jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó bá mọ̀ mí á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti di ńlá.

Pátákó tí Mas Handaru yàn, Ààfin ni Jarot sọ ọ́. Ó ní àgbàlá, ó ní yàrá inú yàrá. Kí iṣẹ́ kan tó lè wọ ibẹ̀, o gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹni tó fúnni níṣẹ́, orúkọ ẹni tó gbà á, àti orúkọ ẹni tó máa fọwọ́ sí i. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí a tan án, arúgbó abẹ́ àtẹ̀gùn bẹ̀rẹ̀ sí í mí bí ẹni tó gbé àpò sìmẹ́ǹtì gun òkè. Mo gbé fáànù tì í. Mi ò sọ nǹkan kan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn, mi ò sọ nǹkan kan títí di ọ̀sán.

Ẹ̀rọ kọ́ ló dá Ààfin dúró ṣá. Àwa ni. Ta ló máa jókòó kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ Bu Kanthi sí abẹ́ "ẹni tó gba iṣẹ́"? Ta ló máa kọ ti Pak Wignyo? Olúkúlùkù wá ń sọ̀kalẹ̀, ó ń wá ẹni tó kéré sí i. Ẹni tí kò bá sì rí ẹni tó kéré sí i mọ́, ó bá Jarot nídìí rẹ̀. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nínú ọgbọ̀n iṣẹ́ ló wà lórí orúkọ Jarot.

"Wọ́n ní kí n wa mọ́tò lọ sí Wates ní Kulon Progo," ni Jarot ń ké. "Mi ò mọ mọ́tò wà! Kẹ̀kẹ́ gan-an, ìyàwó mi ló máa ń gbé mi!"

"Ó kéré tán, wọ́n ti fi ọ́ jẹ oyè nínú Ààfin," ni mo wí.

"Oyè wo, Mbak? Ẹrú ni."

Mas Handaru ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ètò náà péye, pé àwa ni a kò péye. Mo ní bí pátákó bá ń wá ènìyàn tó péye, kó máa lọ sí Bandung.

Ọ̀sẹ̀ tèmi dé. Èyí tí mo yàn fúyẹ́ bí ìwé, arúgbó abẹ́ àtẹ̀gùn ò tiẹ̀ mọ̀ pé òun gbé nǹkan. Ìlà mẹ́ta péré ló ní: Kò Tíì Bẹ̀rẹ̀, Ó Ń Lọ, Ó Ti Parí. Mo fi fọ́tò olúkúlùkù sára káàdì tirẹ̀ kó má bàa rújú. Mo wá gbé tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan kọ́ sí ògiri ní ọ̀kánkán ibi tí Pak Wignyo ti máa ń mu tíì òwúrọ̀, kí gbogbo wa lè máa rí pátákó náà láti ibi tí a bá jókòó sí. Bàbá náà fẹ́ràn rẹ̀. Ó máa gbé ife dání, á máa wo káàdì, á máa mi orí, kò ní sọ ohun tó rí.

Ẹ ò rí bí káàdì ṣe ń rìn! Ọjọ́ Ajé, mẹ́jọ ti parí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mọ́kàndínlógún. Nígbà tí ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ fi máa pọ́n, nínú káàdì mẹ́tàdínlógójì, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ti wà ní Ó Ti Parí. Mo dìde dúró láàárín ọ́fíìsì.

"Mas Handaru, ẹ wo ògiri. Ẹ bá mi kà á, ẹ̀yin lẹ kàwé."

"Ẹ kú iṣẹ́, Mbak," ló wí, ó sì padà sí ohun tó ń ṣe. Kò bínú. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó mú mi fura.

Bu Kanthi ni kò sí lọ́fíìsì látọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọmọ rẹ̀ ló bímọ ní Magelang. Ó wọlé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó bọ́ bàtà, ó jókòó sórí ẹní, ó mú fóònù tí a fi ń dán ètò wa wò. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún un tẹ̀. Ó wo ògiri, ó wo fóònù.

"Tiyah, ọmọ mi, wá."

Mo lọ. Ó fi fóònù hàn mí. Ibi tó yẹ kí orúkọ ibùdó méjìlélógójì wà, funfun báláú ni. Ibi tí ìyá yóò ti kọ ìwọ̀n ọmọ, bọ́tìnnì kan wà níbẹ̀ tí kì í dáhùn bí o bá tẹ̀ ẹ́ di ọ̀la. Bu Kanthi ò gbóhùn sókè.

"Káàdì ti parí," ló wí. "Iṣẹ́ ló kù ká bẹ̀rẹ̀."

Mo bọ́ sí ọ̀dọ̀ Jarot.

"Bọ́tìnnì yìí, ìwọ lo gbé káàdì rẹ̀ lọ sí Ó Ti Parí?"

"Èmi ni, Mbak."

"Ó parí?"

"Ó… ó kù díẹ̀."

"Díẹ̀ mélòó?"

Ó wo ilẹ̀. "Gbogbo rẹ̀."

"Jarot!"

"Mbak, ẹ má pa mí. Fọ́tò mi ló wà lára káàdì yẹn. Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, Pak Wignyo jókòó síwájú rẹ̀, ó ń mu tíì, ó ń wo ojú mi lára ògiri lábẹ́ Kò Tíì Bẹ̀rẹ̀. Ó tún wò mí. Ó ní, 'Jarot, ara rẹ le?' Ara mi le! Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Mo gbé e kọjá ni kí bàbá lè rí tíì mu."

Mo bi ìkejì, mo bi ìkẹta. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Kò sẹ́ni tó fẹ́ parọ́. Ojú ló ń tì wọ́n pé kí iṣẹ́ tí kò tíì parí máa wo àgbà lójú. Sungkan là ń pè é nílé wa, ìtìjú àti ọ̀wọ̀ tí a yí pọ̀ mọ́ra, tí o kò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Èmi tí wọ́n bí ní Klaten, tí ìyá mi máa ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" fún aládùúgbò tó yá ìkòkò tí kò dá a padà, èmi ni mo gbé ojú ènìyàn kọ́ ògiri, tí mo sì retí pé wọn á sọ òtítọ́. Mo fẹ́ gbá ara mi létí.

Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi yan pátákó tó ṣí inú sílẹ̀ náà nìyẹn. Tó bá jẹ́ ti onílé ni, ǹ bá kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, kí n máa dúró de èsì títí ọdún á fi yí po. Èyí, tèmi ni. Mo fa àga sídìí arúgbó abẹ́ àtẹ̀gùn, mo tú inú pátákó náà.

Mo kọ́kọ́ yọ gbogbo fọ́tò. Mo pa Kò Tíì Bẹ̀rẹ̀ rẹ́, mo kọ Ẹ Wá Bá Wa Ṣe É sí ipò rẹ̀, torí ní abúlé wa, tí òrùlé ẹnì kan bá ń jò, gbogbo àdúgbò ló ń gbé àkàbà wá, kò sẹ́ni tó ń bi onílé pé kí ló ń ṣe látọjọ́ yìí. Mo wá kọ òfin kan sínú rẹ̀: ẹni tó ṣe iṣẹ́ kò lè gbé káàdì ara rẹ̀ lọ sí Ó Ti Parí. Ẹni tí iṣẹ́ náà kàn lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó máa lò ó, òun nìkan ni káàdì máa gbọ́ tirẹ̀.

Òfin yẹn fẹ́ ba tèmi jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni pátákó ṣú dúdú. Mò ń bú u ní ohùn ilé nígbà tí mo gbóòórùn ẹ̀wù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ lẹ́yìn mi.

"Ìlà kejìdínlógójì," ni Mas Handaru wí. "Ẹ gbàgbé àmì kan níparí rẹ̀."

Mo wò ó. Òótọ́ ni. "Ẹ ṣé, Mas."

"Mi ò ràn yín lọ́wọ́ o. Mi ò lè rí àṣìṣe kí n kọjá ni. Àìsàn ni."

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, gbogbo wa jókòó yí tábìlì ká, tíì àti jadah, ìrẹsì tí a gún pọ̀ mọ́ àgbọn, wà nílẹ̀. Mo ṣàlàyé ohun tí mo ṣe. Mo ní, "Ẹ̀bi tèmi ni ti ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ ká dá káàdì padà sí ibi tí iṣẹ́ wà gan-an. Kò sí orúkọ lára wọn mọ́, kò sí ojú. Ẹni tó bá mọ tirẹ̀, kó wọ́ ọ."

Jarot ló kọ́kọ́ dìde. Ó wọ́ bọ́tìnnì rẹ̀ padà, ó tẹrí ba fún un bí ẹni ń sin òkú. Ẹ̀rín bú. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e, wọ́n ń ti ara wọn. Mas Handaru pàápàá dá méjì padà. Mo pariwo, "Háà! Mas tó péye!" Etí rẹ̀ pọ́n.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, káàdì kan ló kù tó dá nìkan wà ní Ó Ti Parí tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà: Lẹ́tà Sí Ọ́fíìsì Ìlera Ní Wates, Fún Orúkọ Ibùdó. Kò sí orúkọ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé Pak Wignyo ló ni ín. A sì mọ̀ pé orúkọ ibùdó kò tíì dé. Ibi funfun báláú inú fóònù Bu Kanthi, ibẹ̀ ló ti wá.

Olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ sí í wo jadah rẹ̀ bí ẹni tí kò rí jadah rí.

Èmi náà mọ ìṣirò rẹ̀. Bí mo bá fi káàdì yẹn sílẹ̀, bàbá á rẹ́rìn-ín músẹ́, á sọ bóyá kan, iṣẹ́ Kulon Progo á sì di tèmi. Bí mo bá fọwọ́ kàn án níwájú gbogbo ènìyàn, mo ti dójú ti ẹni tó fún mi níṣẹ́ nígbà tí n ò ní ìwé ẹ̀rí kankan, ó ṣeé ṣe kí n padà sí Klaten lọ nu àga. Ṣùgbọ́n ibùdó méjìlélógójì kò lè ṣiṣẹ́ láìsí orúkọ. Kí ni mo fẹ́ darí nígbà náà? Ògiri?

Mo dìde, mo wọ́ káàdì náà padà sí Ẹ Wá Bá Wa Ṣe É.

"Pak, ẹ forí jì mí," ni mo wí. Mo fi ìpele ọ̀rọ̀ tó ga jù lọ tí mo mọ̀ sọ ọ́, èyí tí a fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀. "Èyí kò tíì parí." Ẹnu mi ò wá mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. "Tí ẹ bá fẹ́ lé mi, ẹ kọ ọ́ sí káàdì. Ẹlòmíràn ló máa sọ bóyá ó ti parí."

Pak Wignyo gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo ògiri.

"Mo kọ lẹ́tà yẹn," ló wí níkẹyìn. "Mo fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá. Ọ̀gá ibẹ̀, ọ̀gá mi ni nígbà tí mo wà ní ọ́fíìsì ìjọba. Ó sọ lẹ́tà náà nù. Báwo ni mo ṣe máa pe ọ̀gá mi kí n ní ó ti sọ nǹkan nù? Mo ti gbé fóònù lẹ́ẹ̀meje. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo kí i kú ọjọ́ mẹ́ta, mo bi í léèrè àwọn ẹyẹ tó ń sìn, mo sì gbé fóònù sílẹ̀." Ó nu ojú gíláàsì rẹ̀. "Ẹyẹ rẹ̀ wà dáadáa."

Ẹ̀rín gba gbogbo ilé. Bàbá náà ń rín, tó bẹ́ẹ̀ tí tíì fi dà sórí ẹní. Bu Kanthi nìkan ni kò rín, ó ti ń ronú.

"Pak, ta ló ní ká sọ pé ó sọ ọ́ nù? A ó mú ẹ̀dà kejì lọ fún akọ̀wé rẹ̀, pé kó má bàa ṣe wàhálà láti wá ti àkọ́kọ́. A ó mú jadah dání."

"Èmi á kọ ọ́," ni Mas Handaru wí. "Ní èdè Jáfà ààfin. Bàbá mi àgbà ló kọ́ mi. Bó bá kà á, á rò pé òun ló ṣe wá lóore."

"Wò ó," ni Jarot wí, "Ààfin ti rí iṣẹ́ ṣe."

Kí oòrùn tó kan orí, lẹ́tà ti wà nílẹ̀, ó dùn débi pé Bu Kanthi kà á lẹ́ẹ̀mejì fún adùn rẹ̀ lásán. Mo ń kó ife kúrò nílẹ̀ nígbà tí Pak Wignyo fa fáìlì aláwọ̀ ewé kan jáde lábẹ́ apá, ó tì í kọjá lórí tábìlì títí ó fi kàn mí lọ́wọ́. Kulon Progo ló wà lára rẹ̀.

"Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́jọ, Wates," ló wí. "Nduk, ìwọ lo máa jókòó sí àárín, ìwọ lo máa sọ̀rọ̀. Èmi á máa bi í ní ti ẹyẹ."

"Pak… ẹ dá yín lójú?"

Ó ti dìde, ó ń wá fìlà rẹ̀.

"Kí o wọ bàtà gidi," ló wí. "Kì í ṣe sílípáàsì pupa yẹn."